Ewé Ènì Lábẹ́ Bọ́ọ̀sì Barnabas

Ìgbà kọkànlá rèé tí Hafeezat ń gbìyànjú láti ṣẹ́ sípírìn kan, sípírìn ọ̀hún ò dá. Kì í ṣe sípírìn gidi o, kí n má tàn yín. Àwòrán sípírìn ni, inú kọ̀ǹpútà ló wà, òjò ò lè pa á, kò sì lè dípẹtà láéláé. Ọmọ ọdún méjìlélógún jókòó tì í nínú yàrá kọ̀ǹpútà yunifásítì aládàáni tó wà ní Òmù-Àrán, ó ń fi ìka lu bọ́tìnnì bí ẹni ń pa èkùrọ́.

"Dá, jàre! Ṣé o ò ní dá ni?"

Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín sínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ta ní í jókòó kó máa bẹ irin pé kó dá? Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́jọ́ lórí irin ni.

Bàbá rẹ̀ ni Jímọ́ọ̀ Onísípírìn, tí ilé arọ rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìsánlú-Ìsin. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó ti ń ṣe sípírìn eléwé fún àwọn ọkọ̀ èrò. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, irin pẹlẹbẹ gígùn ni wọ́n máa ń tò léra, tí wọ́n á tẹ̀ bí ọrun, tí wọ́n á sì fi sábẹ́ ọkọ̀ kí kòtò ọ̀nà má baà máa gbọn ẹ̀dọ̀ èrò jáde. Irin kọ̀ọ̀kan là ń pè ní ewé. Èyí tó gùn jù lọ, tó wà lókè pátápátá, òun ni ewé ìyá. Tí ewé ìyá bá ti dá, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Jímọ́ọ̀ ní òfin kan nílé arọ rẹ̀, kò sì sí awakọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Irin tó bá ti inú iná jáde, inú eérú ló máa sùn di ọjọ́ kejì. "Irin ń sùn o," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Awakọ̀ tó bá ń kánjú, kó lọ tẹ́ ẹní tì í, kí wọ́n jọ máa sùn." Àwọn awakọ̀ á bú u, wọ́n á pè é ní alágídí, wọ́n á sì tún padà wá, torí sípírìn Jímọ́ọ̀ kì í dá.

Àfi ìgbà tí ọ̀kan dá. Barnabas ló ni bọ́ọ̀sì tó dá sí lábẹ́, èyí tó máa ń gbé èrò láti Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin. Ọjọ́bọ̀ ni Jímọ́ọ̀ rọ ewé ìyá tuntun sí i. Nígbà tó di àárọ̀ Jímọ̀, kí wọ́n tó dé Àjàṣẹ́-Ìpó, ewé ìyá dá pẹ̀ẹ́, ọkọ̀ fì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí etí ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni ò kú, Alihamudulilahi, ṣùgbọ́n apá Asisat tó ń ta bàtà lọ́jà kán sí méjì. Hafeezat alára wà nínú ọkọ̀ náà. Iléeṣẹ́ kan ní Ìlọrin ló pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n fẹ́ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ tó máa bá wọn ṣiṣẹ́ fóṣù mẹ́fà. Nígbà tó fi máa débẹ̀ pẹ̀lú eruku lórí ìjáábù, wọ́n ti tilẹ̀kùn, wọ́n ní kó máa lọ, kó tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Barnabas ti ń pariwo kiri gáréèjì. Ó ní irin jíjẹrà ni Jímọ́ọ̀ fi sábẹ́ ọkọ̀ òun, ó ní àgbà ti dé sí i, ojú rẹ̀ ò ríran wo iná mọ́. Alága gáréèjì ní ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti àárín ọ̀rẹ́. Ó fi ìpàdé sí ọjọ́ Sátidé. Bí ó bá hàn pé iṣẹ́ Jímọ́ọ̀ ni kò dára, ọkọ̀ kankan láti gáréèjì Òmù-Àrán kò ní yà sí ilé arọ rẹ̀ mọ́ títí ayé. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó máa parí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ń bí Hafeezat nínú jù: bàbá rẹ̀ ò jà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò fọwọ́ kan ẹwìrì, kò fọwọ́ kan òòlù. Ó kàn jókòó sẹ́nu ilé arọ, ó ń wọ́ tẹ̀sùbáà. Bí ọmọ rẹ̀ bá béèrè ọ̀rọ̀, á ní, "Ọlọ́run ń gbọ́."

"Ọlọ́run ń gbọ́, Bàbá, ṣùgbọ́n alága gáréèjì náà fẹ́ gbọ́!"

Torí náà ló ṣe gbé ìjà náà wọ inú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń kọ́, ó wà ní ọdún kẹrin, olùkọ́ wọn sì ti ní kí kálukú ya sípírìn ọkọ̀ kan, kó gbé ẹrù lé e lórí nínú sọ́fúwià, kó wo ibi tí irin á ti kọ́kọ́ jìyà. Hafeezat mú ti bàbá rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Jímọ́ọ̀ pé ewé mélòó ló wà lábẹ́ ọkọ̀ Barnabas. Jímọ́ọ̀ ní márùn-ún. Ó béèrè lọ́wọ́ Barnabas pé kí ló gbé lọ́jọ́ náà. Barnabas ní èrò mẹ́rìnlá àti ọgọ́rùn-ún iṣu. Ó dá a lójú pé ẹrù yẹn á ṣẹ́ sípírìn, kọ̀ǹpútà á sì fihàn pé Barnabas ló di ẹrù àdìjù, bàbá òun ò jẹ̀bi.

Sọ́fúwià ọ̀hún a máa gé irin inú àwòrán sí wẹ́wẹ́ bí ẹyọ gàrí, á wá ṣírò ìyà tó ń jẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ara bá rọ̀ á ní àwọ̀ búlúù, ibi tí ìnira bá ti ń bẹ̀rẹ̀ á pọ́n rẹ̀sùrẹ̀sù bí inú ẹyin, ibi tó bá fẹ́ dá á pupa fòò. Hafeezat á tẹ bọ́tìnnì, á fọwọ́ lẹ́rán fún wákàtí kan àbọ̀. Búlúù! Á tún un ṣe. NEPA á mú iná lọ nígbà tó bá ku díẹ̀ kó parí, gbogbo ìṣirò á wọgbó. Á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Búlúù! Ó gé irin náà sí wẹ́wẹ́ sí i. Ó dín agbára irin kù díẹ̀, ojú tì í, ó dá a padà. Ó fi kòtò kún ọ̀nà. Búlúù, búlúù, bí ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí ni ìtumọ̀ búlúù? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sípírìn náà tó ẹrù gbé. Bí ó bá tó o gbé, tó sì tún dá, a jẹ́ pé irin gan-an ni kò dára, ọ̀rọ̀ Barnabas sì jóòótọ́ nìyẹn. Ẹlẹ́rìí tí Hafeezat fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ pè wá sílé ẹjọ́ ti kọjú ìjà sí i. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ku ọ̀túnla kí ìpàdé wáyé, ó gbé orí lé tábìlì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sú u débi pé kò mọ ìgbà tí Dókítà Eunice, olùkọ́ rẹ̀, dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Mà, ẹ̀rọ yìí ń parọ́ mọ́ bàbá mi."

Dókítà Eunice kì í ṣe obìnrin tó ń fọwọ́ pa èèyàn lórí. Ó wo àwòrán náà, ó fà á sókè, ó fà á sílẹ̀. "Ẹ̀rọ ò mọ bàbá ẹnikẹ́ni, Hafeezat. Ohun tó o bá fún un jẹ náà ló máa bì. Ta ló ka ẹrù yìí fún ọ?"

"Búrọ̀dá Barnabas ni, mà."

"Ẹnu Barnabas lo fi kà á, kì í ṣe ojú rẹ. Lọ kà á."

Inú bí i. Ẹrù tó ti tú ká láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, báwo lèèyàn ṣe máa kà á? Ṣùgbọ́n ó gun ọ̀kadà, ó lọ sí gáréèjì. Wọ́n ti tún ọkọ̀ Barnabas ṣe lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó ń kó èrò lọ́wọ́, wọ́n sì ń kó iṣu láti Ìsánlú-Ìsin sẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin tó ń kà á ń jù ú síni lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ohùn orin kà á, títí tó fi dé ọgọ́rùn-ún. Ó sinmi. Ó nu ojú. Ó tún mú òmíràn, ó jù ú sínú ọkọ̀, ó tún ju òmíràn, ó tún ju òmíràn. Mẹ́wàá gbáko, ńláńlá.

"Kí lèyí?" ni Hafeezat béèrè.

"Ènì ni."

"Ṣé ẹ kà á mọ́ ọn ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi fẹ̀yìn ti ọkọ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo ti wá? Ta ní í ka ènì?"

Hafeezat yíjú sí Barnabas, tó ń fi aṣọ nu gíláàsì. "Búrọ̀dá, èrò mélòó lẹ ní báyìí?"

"Mẹ́rìnlá. Ó ti kún."

Ó ti orí bọ inú ọkọ̀, ó ka orí èèyàn. Mọ́kànlélógún. "Búrọ̀dá, mọ́kànlélógún ni mo kà!"

"Ah-ah! Ṣé ọmọ orí itan ni wàá máa kà? Mẹ́rin yẹn, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n." Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ ọwọ́ náà ti pa eyín dà. "Kọ̀ndọ́kítọ̀ mi, ṣé èrò ni? Màmá tó wà níwájú yẹn, ìjọ wa ni wọ́n, mò ń fi ṣàánú. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà. Èrò lẹni tó sanwó ọkọ̀. O kàwé, o ò sì mọ èrò."

"Ọjọ́ tí ọkọ̀ dá ńkọ́? Àwọn wo ni kì í ṣe èrò lọ́jọ́ náà?"

Barnabas fojú sókè, ó ń rántí. Ọmọ orí itan márùn-ún. Kọ̀ndọ́kítọ̀. Ọlọ́pàá méjì tó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́. Báàgì gàrí mẹ́rin tí ìyàwó rẹ̀ ní kó bá òun gbé fún ẹ̀gbọ́n òun. Ènì iṣu. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ́rìn-ín. "Àti ìwọ náà! Orí pákó láàárín ni mo fi ọ́ sí. Ọmọ Jímọ́ọ̀, ṣé mo lè gbowó lọ́wọ́ rẹ?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Hafeezat ti ń wá ẹrù inú ọkọ̀ náà, kò ka ara rẹ̀ mọ́ ọn rí.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, kí wọ́n tó ṣí yàrá kọ̀ǹpútà, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó kó gbogbo wọn lé sípírìn lórí: ọmọ orí itan, ọlọ́pàá, kọ̀ndọ́kítọ̀, gàrí, ènì, Hafeezat. Ó tẹ bọ́tìnnì. Lọ́jọ́ yẹn, iná ò lọ, bí ẹni pé ẹnìkan bá wọn sọ̀rọ̀. Ewé ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti àárín, ó di pupa fòò bí ata. Hafeezat fò sókè, ó ké, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ àga. Ẹrù ló ṣẹ́ ẹ! Kì í ṣe irin bàbá òun! Ó kó àwòrán náà sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, ó sì forí lé ilé.

Jímọ́ọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́sáláṣí dé ni, agbádá ìrun Jímọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà lé òkúta tí wọ́n ń rọ irin lé lórí, ó ń sáré sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ tọ́ka. Bàbá náà fara balẹ̀ gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú sún mọ́ àwòrán náà, ó sì ń ka ewé pẹ̀lú ìka kékeré.

"Márùn-ún lo yà, Àmọ̀kẹ́." Oríkì rẹ̀ ló fi pè é.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ní márùn-ún."

"Márùn-ún ni wọ́n bẹ̀ mí pé kí n ṣe. Kúkúrú kan wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀kẹfà."

"Ẹ̀kẹfà kẹ̀? Ẹ ò sọ fún mi!"

"Ènì ni," ni Jímọ́ọ̀ wí. "Ta ní í ka ènì? Gbogbo wọn ni mò ń fún. Awakọ̀ ìlú wo ló ń gbé iye tó bá kà? Ewé ènì ló máa ń bá wọn ru ohun tí wọn ò kà."

Hafeezat mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ewé kan bá wọlé kún un. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìpàdé ku ọ̀la. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nípa ewé yẹn, Barnabas gan-an ò mọ̀. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, ẹ̀yin náà lẹ máa ń wí bẹ́ẹ̀."

"Mo máa ń wí i, mi ò sọ pé kí n má pàtẹ ẹ̀. Fi ewé mi sí i."

Ó fi í sí i. Kí ni ó fẹ́ ṣe? Kọ̀ǹpútà alágbèéká náà ò lágbára tó ti ilé ẹ̀kọ́, ó ń mí gúlegúle, ara rẹ̀ gbóná, títí wọ́n fi pe ìrun àlàásárì, tí Jímọ́ọ̀ fi kírun tó tún padà wá bá a níbẹ̀. Nígbà tí àwọ̀ wá yọ, kò pupa. Ó pọ́n díẹ̀ láàárín, ó dúró síbẹ̀. Pẹ̀lú ọlọ́pàá, pẹ̀lú gàrí, pẹ̀lú ènì, sípírìn eléwé mẹ́fà yẹn ì bá gbé wọn dé Ìlọrin.

Hafeezat bú sẹ́kún. Ìbínú ló fi sunkún, kì í ṣe àánú. Gbogbo ọ̀nà tó bá gbà, ibi kan náà ló ń já sí. Ó fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà yẹn lu òkúta.

Jímọ́ọ̀ wọ inú ilé arọ lọ, ó sì mú ewé ìyá tó dá jáde lábẹ́ àpótí, níbi tó fi í pamọ́ sí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó yí ojú tó dá síta, sínú oòrùn. Ó ń dán wínníwínní bí iyọ̀.

"Irin tó bá sùn dáadáa, bí yóò bá tiẹ̀ dá, á kọ́kọ́ fà. Èyí ò fà rárá. Ó dá bí àwo ni." Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́. "Mo ti rí i láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá. Mo kàn ń retí pé kí kọ̀ǹpútà rẹ mọ̀ jù mí lọ ni. Kò sùn, Àmọ̀kẹ́. Mo yọ ọ́ nínú eérú kí àlàásárì tó kọjá, mo da omi tútù lé e."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, Bàbá! Ta ló lè mú yín kánjú?"

Jímọ́ọ̀ wo ibòmíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá tẹ̀sùbáà rẹ̀ nínú àpò.

Ìgbà yẹn ni Hafeezat gbọ́ ohùn kan létí ara rẹ̀, ohùn òun gan-an. Ọjọ́bọ̀ yẹn, ẹnu ọ̀nà yìí, aṣọ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ti lọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣe kíá! Búrọ̀dá Barnabas ní tí ọkọ̀ ò bá jáde lónìí, àwọn ò ní lọ lówùúrọ̀. Iléeṣẹ́ yẹn ò ní dúró dè mí. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́!" Ó rántí bí bàbá náà ṣe wo eérú, tó wo òun, tó tún wo eérú. Ó rántí ariwo omi lórí irin, àti bí òun ṣe dúpẹ́.

Ní Sátidé, abẹ́ igi dòńgóyárò gáréèjì kún. Asisat jókòó síwájú, apá rẹ̀ wà nínú aṣọ tí wọ́n gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Barnabas ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó ń wú ikọ́. Ṣùgbọ́n Jímọ́ọ̀ ló kọ́kọ́ dìde. Ó gbé ewé tó dá sórí tábìlì alága.

"Ẹ má dààmú ara yín," ó ní. "Barnabas gbé ju iye tó kà lọ. Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kì í kà á pé, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi máa ń fi ewé kan sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹrù ò bá mi lójijì. Irin ni mi ò jẹ́ kó sùn. Asisat, forí jì mí. Èmi ni mo kánjú."

Barnabas gbé ikọ́ rẹ̀ mì.

"Ìwọ nìkan, Jímọ́ọ̀?" ni alága béèrè. "Ẹnikẹ́ni ò kán ọ lójú? Barnabas ò dúró tì ọ́?"

"Barnabas ò sí níbẹ̀. Èmi nìkan ni."

Hafeezat wà lẹ́yìn pátápátá, kọ̀ǹpútà wà ní àyà rẹ̀, kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó lè jókòó síbẹ̀ kí ìpàdé parí. Bàbá rẹ̀ ti ṣe ìṣirò náà tán, ó sì ti yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀, bí Barnabas ṣe yọ ọ́ kúrò nínú èrò. Ó dìde.

"Bàbá," ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè ju bó ṣe fẹ́ lọ, "ẹ ò kà á pé. Ẹ ka èmi náà mọ́ ọn."